Òṣìṣẹ́ Tí Ó Béèrè Ohun Tí A Ó Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀ Ṣe

Bí ẹ bá lọ ra ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, kì í bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi í gé. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ni, tàbí ẹran, tàbí iṣu. Bí ó bá sì ṣe èèṣì tí ẹnì kan fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe, kò sí ẹni tí yóò lọ mú alágbẹ̀dẹ ní àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Kí a sọ pé wọ́n gbé irin fún alágbẹ̀dẹ kan, wọ́n ní kí ó rọ ojú irin náà kí ó mú, wọn kò sì sọ fún un pé idà ni wọn yóò fi ṣe. Ó rọ ọ́, ó gba owó rẹ̀, ó fi tọ́ ọmọ. Ọjọ́ kan wá pé tí ó gbọ́ láti ẹnu ará òde pé ojú ogun ni iṣẹ́ ọwọ́ òun ń lọ. Kí ni kí ó ṣe? Ṣé kí ó dákẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe òun ni yóò gbé idà náà? Àbí kí ó ju òòlù sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó dé bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Google, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ gbọ́ ìtàn náà. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, tàbí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọkọ, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ń tiraka láti san owó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọmọ, nítorí pé gbogbo ayé ni ó ń sọ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rán ọmọ ní ọ̀nà jíjìn, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ọmọ náà lè bá pàdé lọ́nà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwọn òyìnbó ń gé kúrú sí AI. Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ ọmọ yín ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ẹ kò ka ìwé fún un. Ẹ kàn ń nàka sí i ni: ewúrẹ́ nìyẹn, àgùntàn nìyí. Ó ṣì í pè lónìí, ẹ tún un ṣe. Ó ṣì í pè lọ́la, ẹ tún un ṣe, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń ṣe fún ẹ̀rọ. Wọn a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán síwájú rẹ̀, ènìyàn a sì ti kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí i lára: ilé nìyí, ọkọ̀ nìyí, ènìyàn nìyí. Nígbà tí ó bá yá, ẹ̀rọ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í dá orúkọ nǹkan pè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ọmọ yín ti fọwọ́ kan ewúrẹ́, ó ti gbọ́ igbe rẹ̀, bóyá ewúrẹ́ tilẹ̀ ti já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ kò bá ewúrẹ́ pàdé rí. Ó ń fojú bù ú ni. Bí àwòrán tí a fi kọ́ ọ bá pọ̀ tí ó sì péye, ohun tí ó fojú bù yóò máa bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà. N kò sọ pé ní gbogbo ìgbà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Project Maven. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ nínú, èyí tí a mọ̀ sí dúróònù, ń ya fíìmù láti ojú sánmà, tọ̀sán tòru, ní àwọn ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà ti ń jagun. Fíìmù náà pọ̀ ju èyí tí ojú ènìyàn lè wò tán. Àwọn ológun a jókòó síwájú ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn a máa wo òrùlé, wọn a máa wo ọ̀nà eléruku, wọn a máa wo ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ́ ọmọ aláìsàn mọ́jú mọ bí ojú ti í rẹ ènìyàn. Nítorí náà àwọn ọ̀gá ogun ní kí a wá ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn wò ó, tí yóò máa tọ́ka pé ọkọ̀ nìyí, ènìyàn nìyí. Google wà lára àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà.

Wọn kò pariwo rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ Google kò gbọ́ ohunkóhun títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jà rànyìn láàrin ara wọn, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníròyìn ní oṣù kẹta. Ẹ rò ó wò. Àwọn wọ̀nyí ni ẹni tí ó gbà lọ́kàn ara wọn pé iṣẹ́ àwọn ni kí ènìyàn lè rí ọ̀nà ilé ìwòsàn lórí fóònù, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ilé ìkàwé lè rí ìwé kà. Àwọn kan nínú wọn ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ń mọ àwòrán, wọ́n sì rò pé kí ènìyàn lè wá àwòrán ọmọ rẹ̀ láàrin ẹgbẹ̀rún àwòrán ni. Ọgbọ́n kan náà ni ẹ̀rọ fi ń mọ ọmọ yín nínú àwòrán ìkómọjáde tí ó sì fi ń mọ ọkọ̀ ní àárín aṣálẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà wọn, Sundar Pichai. Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní kí Google yọwọ́ nínú Project Maven, kí ó sì ṣe òfin kan, kí ó kéde rẹ̀, pé òun àti àwọn agbaṣẹ́ṣe òun kò ní kọ́ ẹ̀rọ ogun láéláé. Àwọn tí ó buwọ́ lù ú lé ní 3,000 nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó yá, iye wọn tó bíi 4,000. Àwọn ọ̀gá fèsì pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìkọlù. Wọ́n ní àmì lásán ni ẹ̀rọ náà yóò máa fi sára àwòrán kí ènìyàn lè wá wò ó, àti pé yóò gba ẹ̀mí là. Diane Greene, obìnrin tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka tí iṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé owó tí ó wà níbẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 9 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìwé inú iléeṣẹ́ náà bọ́ sí òde, wọ́n fi hàn pé àwọn tí ó lọ gba iṣẹ́ náà ń retí kí ó dàgbà di mílíọ̀nù 250 dọ́là lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná owó ọjà mọ̀ pé ẹni tí ó bá pe ẹgbẹ̀rún ní ọgọ́rùn-ún, ó ní ìdí.

Ìwé kíkọ nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́sàn-án kan kọ̀ láti kọ́ ètò kan tí ì bá jẹ́ kí Google lè máa gba iṣẹ́ àṣírí lọ́wọ́ ológun. Nígbà tí ó fi máa di oṣù karùn-ún, nǹkan bí òṣìṣẹ́ méjìlá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin kò sì gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ náà. Laura Nolan ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka Google ní ilẹ̀ Ireland. Wọ́n fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ kan tí ó so mọ́ Maven, ṣùgbọ́n nígbà tí ó mọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń bẹ ìjọba ayé pé kí wọ́n fi òfin de ẹ̀rọ tí ń dá pa ènìyàn. Meredith Whittaker wà lára àwọn tí ó ṣáájú lẹ́tà náà. Ó fi Google sílẹ̀ ní ọdún 2019. Ní ọdún 2022 ó di ààrẹ Signal, àwọn tí ó ni ètò ìfiránṣẹ́ orí fóònù tí ẹlòmíràn kò lè yọjú wò.

Ẹ̀yin ìyàwó, ibi yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ó rọrùn láti yin ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn, bí kì í bá ṣe ilé tiwa ni owó oúnjẹ yóò ti dín. Kí a sọ pé baálé yín wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní òun ti kọ ìwé sí ọ̀gá òun. Wọn kò lé e. Owó oṣù kò fa ìjà. Ó kàn ní òun kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Kí ni ẹ ó sọ? Owó ilé ń bọ̀, owó ilé-ìwé ń bọ̀, ìyá rẹ̀ ń retí ohun tí ó máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí ó ti ilẹ̀ mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni ó ń fi ìwé ìgbélùú tí a ń pè ní H-1B gbé ìlú, ìwé náà sì so mọ́ agbanisíṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, kò ju 60 ọjọ́ lọ tí òfin fún wọn láti rí òmíràn tàbí láti wá ọ̀nà mìíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n di ẹrù, kí wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ kúrò ní ìlú. Owó ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà pàápàá, nípasẹ̀ agbanisíṣẹ́ ni ó ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Obìnrin tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ kò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Nítorí náà, èmi kò lè dá àwọn tí ó buwọ́ lùwé, tí wọ́n sì dúró lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́bi. Àwọn kan ní owó ní ìpamọ́ tí wọ́n lè fi bínú jáde. Ọrùn àwọn mìíràn ni ènìyàn mẹ́wàá so rọ̀ mọ́. Ohun tí mo rí ni pé tọkọtaya tí ó ti jókòó sọ ọ́ ṣáájú, pé irú iṣẹ́ báyìí ni a ó ṣe, irú iṣẹ́ báyìí ni a kò ní ṣe bí owó rẹ̀ tilẹ̀ tó òkè, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kì í bá ní òjijì. Àwọn tí kò sọ ọ́ rí ni ó máa ń di ariwo láàrin wọn ní ọ̀gànjọ́ òru.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi bẹ̀rù iṣẹ́ tí a ní àmì lásán ni yóò máa fi sára àwòrán? Ìdí rẹ̀ ni pé láàrin àmì àti ohun ìjà, ìrìn díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Kabul, ní ilẹ̀ Afghanistan, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Àwọn ológun Amẹ́ríkà fi dúróònù tọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan lẹ́yìn fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Wọ́n rí i tí àwọn ọkùnrin ń kó ohun wúwo sínú rẹ̀, wọ́n sì rò pé bọ́ǹbù ni. Nígbà tí ọkọ̀ náà wọ àgbàlá ilé, wọ́n yìnbọn ńlá láti ojú sánmà. Ènìyàn mẹ́wàá ni ó kú. Ọmọdé ni méje nínú wọn. Òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú kan ni ó wa ọkọ̀ náà, ìwádìí àwọn oníròyìn sì fi hàn pé kẹ́ẹ̀gì omi ni ó ń rù lọ sílé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀gá ogun tí ó ti kọ́kọ́ fọ́nnu jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni. Wọn kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Ènìyàn ni ó wo fíìmù yẹn, ènìyàn ni ó sì pinnu. Ní ilẹ̀ wa níbí pẹ̀lú, ẹ kò tíì gbàgbé Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, níbi tí àwọn ará abúlé ti péjọ ṣe Máólúdì. Dúróònù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù lé wọn lórí. Àjọ NEMA ka òkú 85, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì wà nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ṣi ìpéjọ náà kà sí ti àwọn apániláyà. Kẹ́ẹ̀gì omi di bọ́ǹbù, àpèjọ àdúrà di àpèjọ ogun.

Àwọn tí ó fara mọ́ Maven gbá irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí mú. Wọ́n ní àṣìṣe yìí gan-an ni ẹ̀rọ yóò dín kù, nítorí pé kì í rẹ̀ ẹ́, oorun kì í kùn ún, ẹ̀rù kì í bà á. Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ní rárá, àṣìṣe náà yóò kàn máa yára sí i ni, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rọ ti sọ fún pé ọ̀tá nìyí kì í sábà wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi gbà pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: ẹni tí ó kọ́ ẹ̀rọ náà wà ní ọ̀ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí, kò sì ní gbọ́ igbe ìyá tí ń ṣa ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Bí a kò bá tilẹ̀ sọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe fún un, níbo ni àánú yóò gbà wọlé?

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó gbà pé ohùn kan ni èyí. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà bi 160 ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá léèrè ohun tí wọ́n rò nípa ṣíṣe iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ètò ààbò. Àwọn tí kò rí ohun burúkú nínú rẹ̀, tàbí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, pọ̀ ju àwọn tí ó kórìíra rẹ̀ lọ. Ohun tí iṣẹ́ náà wà fún ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá jẹ́ láti ran ẹni tí ìjàǹbá bá lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ni yóò fi tayọ̀tayọ̀ ṣe é. Bí ó bá ti di ti ojú ogun, ọwọ́ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Àwọn mìíràn ní ó wu àwọn kí orílẹ̀-èdè àwọn ní ohun ìjà tí ó dára ju ti ọ̀tá lọ, nítorí àwọn ọmọ àwọn náà wà ní bárékè. Àwọn tí ó rí bí wọ́n ṣe ya wọ ilẹ̀ Ukraine ní ọdún 2022 ní ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ là kò ní ilé tí yóò ti máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn.

Kì í ṣe ìran tiwa yìí ni ó kọ́kọ́ bá a pàdé. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù, Joseph Rotblat, ọmọ ilẹ̀ Poland tí ó wà lára àwọn onímọ̀ náà, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1944, nígbà tí ó hàn pé Jámánì kò ní rí irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìbẹ̀rù Jámánì ni ó mú un wọ iṣẹ́ náà. Ìdí ti tán lójú tirẹ̀, ó sì di ẹrù rẹ̀. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1995, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Ní oṣù keje ọdún 1945, Leo Szilard kó orúkọ nǹkan bí 70 onímọ̀ jọ sórí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹ̀bẹ̀ náà kò dí bọ́ǹbù lọ́wọ́.

Ti Google kọ́kọ́ so èso. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, Diane Greene sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé nígbà tí àdéhùn Maven bá parí ní ọdún 2019, àwọn kò ní tún un ṣe. Láàrin oṣù kan náà, Sundar Pichai gbé ìlànà kan jáde tí ó sọ pé Google kò ní fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe ohun ìjà, bí ó tilẹ̀ ní àwọn yóò máa bá ológun ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jó, wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n Maven kò kú. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn, tí Palantir wà lára wọn, gbé e, wọ́n sì ń bá a lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft náà kọ lẹ́tà tiwọn, nítorí àdéhùn mílíọ̀nù 479 dọ́là láti ṣe awò ojú tí àwọn jagunjagun yóò fi máa ríran ní ojú ogun. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ohun ìjà ni àwọn ṣe wá gbaṣẹ́. Satya Nadella, ọ̀gá wọn, ní àwọn kò ní fi ohun èlò àwọn du ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn. Àdéhùn náà dúró.

Bí ẹ bá ń bi mí léèrè ohun tí ó yí ọwọ́ padà, mo lè sọ ọ́ ní kúkúrú: ọjà òṣìṣẹ́ ni. Ní ọdún 2018, onímọ̀ AI ṣọ̀wọ́n bí ojú, bí ó bá sì bínú, ẹlòmíràn ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti gbà á. Ẹni tí a ń wá kiri ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Google kéde pé òun yóò dá 12,000 òṣìṣẹ́ dúró, Microsoft náà kéde 10,000. Láti ìgbà náà, òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ buwọ́ lùwé á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024 yàtọ̀ pátápátá sí ti 2018. Àwọn òṣìṣẹ́ Google kan jókòó sí ọ̀ọ́fíìsì ní New York àti ní Sunnyvale ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n ní àwọn kò ní dìde àfi bí iléeṣẹ́ náà bá fi àdéhùn bílíọ̀nù 1.2 dọ́là tí òun àti Amazon bá ìjọba Ísírẹ́lì ṣe ní ọdún 2021 sílẹ̀. Google ní àdéhùn náà kì í ṣe ti ohun ìjà. Ọlọ́pàá kó mẹ́sàn-án nínú wọn. Iléeṣẹ́ náà lé 28 lẹ́nu iṣẹ́ lọ́gán, nígbà tí ó sì fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tí ó ṣètò ìjókòó náà ní iye wọn ti tó 50. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni OpenAI, àwọn tí ó ṣe ChatGPT, yọ gbólóhùn tí ó fi de lílo iṣẹ́ wọn fún ogun kúrò nínú òfin wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Google náà pa ìlérí 2018 rẹ́ kúrò nínú ìlànà rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ìdíje ń lọ káàkiri ayé, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń dìbò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ìlérí tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn fi orúkọ ara wọn rà kò pé ọdún méje.

Síbẹ̀, a kò lè sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìwé ìròyìn The Guardian ti Ìlú Ọba tú u síta pé ẹ̀ka ológun Ísírẹ́lì kan ń lo ẹ̀rọ Microsoft láti tọ́jú ìpè fóònù àwọn ará Palestine ní òbítíbitì. Àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft kan ti ń pariwo ṣáájú ìgbà náà, wọ́n sì ti lé lára wọn. Ní oṣù kẹsàn-án, Microsoft dá díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ẹ̀ka náà dúró. Díẹ̀ ni mo wí. Èyí tí ó kù ń lọ. Ẹ sì kíyè sí i pé òde ni iléeṣẹ́ náà ti gbọ́ ohun tí a ń fi ẹ̀rọ òun gan-an ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹ̀bẹ̀ tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe pé kí ogun má sí. Ẹ̀bẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé kí a sọ fún òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ lè pinnu. Ó lè gbà, ó lè kọ̀, ó lè lọ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Ẹni tí kò mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a ń lò.

Bí ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, bá wá sọ fún yín lọ́jọ́ iwájú pé iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan fẹ́ gba òun, ẹ bá a yọ̀. Ẹ kí i kú oríire kí ẹ tó béèrè iye owó oṣù. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ ní kí ó bi wọ́n léèrè ta ni ń ra ohun tí òun yóò máa ṣe, àti bóyá wọn yóò sọ fún òun bí ẹni tí ń rà á bá yí padà. Ẹ ní kí ó béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá kọ iṣẹ́ kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí Microsoft kéde pé òun yóò máa tajà fún ológun, Brad Smith tí ó jẹ́ ààrẹ rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lè béèrè kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Kí ọmọ yín wádìí bóyá irú àyè bẹ́ẹ̀ wà níbi tí ó ń lọ, bí wọ́n bá sì ní ó wà, kí ó rọra ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún òun.